Ṣé òróró ẹja inú ìgò lè mú kí ọmọ mi mọ̀wé kà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, apòògùn wa. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 8, wà ní Pírámárì 3 níbí ní Kubwa, l'Ábújá. Ó mọ ìṣirò, bó bá wo fíìmù tán, á sọ ọ́ látòkèdélẹ̀. Àmọ́ tó bá di ká kàwé, á máa pe “b” ní “d”, á sì bú sẹ́kún. Ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ń ta oògùn ọpọlọ tí wọ́n fi òróró ẹja ṣe, ₦18,500 ni ìgò kan, ó ní ìgò 3 ni ọmọ gbọ́dọ̀ lò. Ṣé kí n rà á? (Ìyá Ayọ̀mídé)

Ìdáhùn: Ìyá Ayọ̀mídé, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Èmi náà ń ta òróró ẹja ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Wuse, ẹ má rò pé mò ń bá ìyá yẹn jowú ọjà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wọlé tọ̀ mí wá lónìí, mi ò ní tà á fún yín.

Lọ́dún 2005, àwọn olùwádìí gbé àbájáde òróró ẹja tí wọ́n dán wò lára àwọn ọmọ 117 ní Durham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jáde. Oṣù 3 ni wọ́n fi lò ó, ìwé kíkà àti sípẹ́lì àwọn tó lò ó sì gbéra. Ariwo yẹn ò tíì tán nílẹ̀ títí di òní. Lọ́dún 2012, àbájáde mìíràn jáde nípa DHA, èròjà tó jẹ́ gbòógì nínú òróró náà, tí wọ́n dán wò ní agbègbè Oxford lára àwọn ọmọ 362. Kò mú ìyàtọ̀ wá fún gbogbo wọn lápapọ̀, àfi àwọn tó rẹ̀yìn jù nínú ìwé kíkà ni ó jọ pé ó ràn lọ́wọ́. Wọ́n wá tún un ṣe fún irú àwọn ọmọ tó rẹ̀yìn bẹ́ẹ̀ nìkan, àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2018: òfo. Ti 2005 ni àwọn ọlọ́jà ń kà sí yín létí.

Ọmọ tó já fáfá lẹ́nu àti nínú ìṣirò, tó wá jẹ́ pé lẹ́tà nìkan ló ń dà á láàmú, ó lè jẹ́ ohun tí wọ́n ń pè ní dyslexia, ìyẹn ìṣòro ìwé kíkà tí kì í ṣe àìlọ́gbọ́n. Ti pé ó ń yí “b” sí “d” nìkan ò tó ẹ̀rí, ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún 6 ló ń ṣe é. Ó sábà máa ń wà nínú ẹbí, ẹ bi bàbá rẹ̀ bí òun ṣe kàwé ní kékeré (àwọn bàbá kì í fẹ́ dáhùn ìbéèrè yìí). Ebi kọ́ ló ń fà á. Olùkọ́ tó máa jókòó tì í, tó máa fi ìró lẹ́tà kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, ni ìrànlọ́wọ́ rẹ̀. Kẹ́ ẹ tó wá olùkọ́ yẹn, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ojú àti etí rẹ̀ wò ní ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Gwagwalada tàbí ní National Hospital. Mo ti rí ọmọ tí wọ́n ń pè ní olódo tó jẹ́ pé awò ojú ló nílò.

Àìtó èròjà irin ni mo gbà pé ó ń ba ẹ̀kọ́ jẹ́ lóòótọ́. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò tó á máa tòògbé ní kíláàsì, ọkàn rẹ̀ ò ní dúró sójú kan. Ibà lè fà á, aràn lè fà á, oúnjẹ sì lè fà á. Ẹ ṣe PCV, àyẹ̀wò tó ń fi hàn bóyá ẹ̀jẹ̀ tó lára, fún un. Ẹ má ṣáà da oògùn ẹ̀jẹ̀ sí i lẹ́nu láìṣàyẹ̀wò, pàápàá bí jẹ́nótáìpù rẹ̀ bá jẹ́ SS, àfi bí dókítà bá ní kẹ́ ẹ lò ó. Bí tábúlẹ́ẹ̀tì irin bá sì wà nílé, ẹ gbé e sókè réré, ó ń pa ọmọ kékeré tó bá kó o mì.

Mo tún fẹ́ béèrè nǹkan kan: ṣé ẹ máa ń lé tìróò fún un? Òkúta tìróò gidi, èyí tí àwọn aládùúgbò wa Hausa ń pè ní kwalli, òjé ló kún inú rẹ̀. Ọmọ á fọwọ́ ra ojú, á ki ọwọ́ bẹnu. Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Zamfara lọ́dún 2010, níbi tí eruku òjé láti ibi tí wọ́n ti ń lọ òkúta wúrà ti pa ọmọ tó lé ní 400. Ti tìróò ò tó ìyẹn, ṣùgbọ́n òjé díẹ̀ lè ba ọpọlọ ọmọ jẹ́ láìjẹ́ pé ara rẹ̀ gbóná rárá. Ọmọ tí irin ò tó lára rẹ̀ ló sì ń fa òjé mọ́ra jù. Bí ẹ bá ń lò ó, ẹ dá a dúró lónìí.

Ní ti òróró ẹja, ó wà nínú titus àti shawa tí wọ́n ń tà ní ọjà Kubwa. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ti tó, ẹ fi ẹ̀wà àti zogale (ewé moringa) kún un, ẹ sì jẹ́ kó jẹ ọsàn lé e kí irin inú wọn lè ríbi wọlé. Kó má fi tíì lé e o.

Bí ìyá yẹn bá fúngun mọ́ yín tẹ́ ẹ sì rà á, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára ìgò, ẹ má sì pa á pọ̀ mọ́ òróró ẹ̀dọ̀ ẹja, torí fítámì A inú ìyẹn máa ń pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ₦55,500 ni ìgò 3. Ẹ kọ́kọ́ bi olùkọ́ tó ń ṣe lẹ́sìnnì ládùúgbò yín iye tó máa gbà lóṣù. Bí ẹ bá sì ṣe PCV náà tán, ẹ mú èsì rẹ̀ wá, ẹ mú káàdì jẹ́nótáìpù rẹ̀ dání.