Ìbéèrè láti Ifẹ̀: Ṣé iṣẹ́ ọnà lè mú èèyàn rí Ọlọ́hun?

Ìbéèrè: Àsàlámù àléékúmù, Ààfáà wa. Ilé-Ifẹ̀ ni mò ń gbé. Mo máa ń kọ ẹsẹ Àlùkùránì sára pákó, mo sì ń tà á. Ẹnì kan sọ fún mi pé bí mo bá gbàgbé ara mi pátápátá nídìí iṣẹ́ náà, màá rí Ọlọ́hun. Lóòótọ́, ọkàn mi máa ń balẹ̀ tí mo bá ń kọ ọ́, débi pé ìrun Alásàárì bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá yìn mí, orí mi á wú. Tí wọ́n bá yin ẹlòmíì, inú mi kì í dùn. Ṣé kí n fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ ni, sà?

Ìdáhùn: Wàáléékúmù sàlámù, ọmọ mi. Má fi í sílẹ̀. Ìlú tí wọ́n ti wú àwọn orí idẹ jáde ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938 lo wà, kò sẹ́ni tó máa sọ níbẹ̀ pé ọnà kì í ṣe iṣẹ́. Ère ohun ẹlẹ́mìí ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ wa kò gbà láàyè. Nígbà tí ayàwòrán kan sọ fún Ibn Abbas, ọ̀kan nínú àwọn sàábé Ànábì, pé ibẹ̀ lòun ti ń jẹun, ó gbà á nímọ̀ràn pé kó máa ya igi àti ohun tí kò lẹ́mìí. Lẹ́tà tí ìwọ ń kọ kò sí nínú ọ̀rọ̀ yẹn rárá.

Ọ̀rọ̀ rírí Ọlọ́hun ló yẹ ká jókòó tì. Ànábì Mùsá, tí Ọlọ́hun bá sọ̀rọ̀ láìsí agbódegbà, tọrọ pé kóun rí Olúwa òun. Ó wà nínú Súrà Àráfù, ẹsẹ 143. Ìdáhùn tó gbà ni pé, "O kò lè rí Mi." Nígbà tí Olúwa fara hàn sí òkè, òkè náà rún wómúwómú, Mùsá sì dákú. Ta wá ni èmi àtìrẹ? Ọ̀run ni àwọn onígbàgbọ́ ó ti rí I.

Ohun tó wà fún wa láyé ni èyí tí Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, fi dá màlékà Jìbúrílù lóhùn nípa ìhúsáànì, ìyẹn ṣíṣe ìsìn dáadáa: kí o sin Ọlọ́hun bí ẹni pé ò ń rí I, bí o kò bá rí I, Òun ń rí ọ. Ẹni tó bá gbà tọkàntọkàn pé Ọlọ́hun ń wo òun, ojú aráyé á kéré lójú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìjàkadì pẹ̀lú náfúsì, ìyẹn ìfẹ́ inú ara ẹni, wà. Ọlọ́hun kò ní kí o pòórá. Ohun tó wà nínú Súrà Ṣámúsì ni pé ẹni tó bá fọ ẹ̀mí rẹ̀ mọ́ ti jèrè.

Ìbàlẹ̀ ọkàn nídìí kálámù kì í ṣe ẹ̀rí pé o ti súnmọ́ Ọlọ́hun. Alágbẹ̀dẹ tí kò kírun rí náà a máa gbàgbé ara rẹ̀ nídìí ẹwìrì. Ohun tó ń sọ ibi tí o dé ni gbólóhùn tí o fẹ́ẹ̀ fò kọjá yẹn, pé inú rẹ kì í dùn tí wọ́n bá yin ẹlòmíì. Mo dúpẹ́ fún Ọlọ́hun pé o rí i, torí ọ̀pọ̀ ló ń kú láìrí i. Ànábì sọ pé Ọlọ́hun lẹ́wà, Ó sì fẹ́ràn ẹwà. Pé ìgbéraga ni kéèyàn kọ òdodo, kó sì fojú tín-ín-rín ọmọnìkejì. Ẹwà iṣẹ́ rẹ kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Ìmáàmù al-Ghazali, onímọ̀ ẹ̀sìn ńlá nì, fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ ní Baghdad ní 1095, nígbà tó yẹ ọkàn ara rẹ̀ wò tó rí i pé òkìkí lòun ń lé. Àmọ́ ní 1106, ó padà sídìí iṣẹ́ kan náà ní Nishapur. Ọkàn ló lọ tún ṣe.

Nítorí náà, wá wàláà, irú èyí tí àwọn ọmọ ilé kéwú ń lò. Ṣe àlùwàlá, gé kálámù rẹ, kí o kọ Súrà Ìkíláásì sí i pẹ̀lú gbogbo ọgbọ́n ọwọ́ rẹ, bí ẹni pé ààfin Ọọ̀ni ni wọ́n fẹ́ gbé e kọ́ sí. Má fi fóònù yà á, má pe ẹnikẹ́ni wò ó. Tí tàdáwà bá gbẹ, fi omi fọ̀ ọ́ kúrò, kí o da omi náà sídìí igi níbi tó mọ́. (N kò sọ pé súnnà ni o, ọkàn ni a fẹ́ fi kọ́.) Ó máa dùn ọ́ bí lẹ́tà tó gún régé yẹn ṣe ń ṣàn lọ. Ohun tó ń dùn ọ́ yẹn gan-an ni náfúsì tí mo ń sọ. Máa ṣe é títí yóò fi rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Bí wọ́n bá sì yin ẹlòmíì níṣojú rẹ, kí ìwọ náà yìn ín, kí o ṣàdúrà fún un ní kọ̀rọ̀, pàápàá lọ́jọ́ tí kò bá wù ọ́.

Ní ti Alásàárì yẹn, bí o kò bá tíì kí i, dìde kí i báyìí, torí Ànábì ní kí ẹni tó gbàgbé ìrun kí i nígbà tó bá rántí. Láti òní lọ, tí ládáànì bá ti pèrun, gbé kálámù sílẹ̀, bó ṣe lẹ́tà kan ṣoṣo ló kù.