Ẹ béèrè ọ̀nà àbájáde kí ẹ tó san owó hosting ọdún mẹ́ta

Arábìnrin tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú béèrè bóyá kí òun gba ẹ̀dínwó tí ilé-iṣẹ́ hosting kan lókè òkun, ìyẹn àwọn tó ń gba ìkànnì ẹni sórí kọ̀ǹpútà wọn, gbé síwájú òun: owó oṣù tí kò tó dọ́là mẹ́ta bí òun bá san ti ọdún mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, domain ọ̀fẹ́ (orúkọ tí a fi ń wá ìkànnì, irú èyí tó parí sí .com) fún ọdún àkọ́kọ́, àyè tí kò lópin, àti ìrànlọ́wọ́ tọ̀sán-tòru. Àwọn tó ti dáhùn ṣáájú mi ń jiyàn lórí ilé-iṣẹ́ tí ìkànnì rẹ̀ yára jù àti èyí tí owó rẹ̀ kéré jù. Mo ní ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní Ìbàdàn, àwọn ilé-ìwé sì ti ń ra ìwé lórí ìkànnì wa láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Ohun tí ojú mi ti rí lọ́wọ́ àwọn tó ń ta irú ọjà yìí ló jẹ́ kí n sọ pé iye tí wọ́n kọ gàdàgbà sójú ìpolówó kọ́ ni iye ọjà náà gan-an. Iye rẹ̀ ni ohun tí yóò ná yín láti kúrò lọ́dọ̀ wọn lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá yí padà. Ilé-iṣẹ́ tó mọ̀ pé oníbàárà lè kó ẹrù rẹ̀ lọ lọ́la máa ń tètè dá a lóhùn. Èyí tó mọ̀ pé kò rí ibi gbà jáde kì í kánjú.

Ẹ jẹ́ kí a mú domain ọ̀fẹ́ yẹn ṣáájú, nítorí ibẹ̀ ni okùn tí wọ́n fi ń so oníbàárà mọ́lẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń rí .com gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Verisign ni ó ń ṣàkóso orúkọ .com, ó sì ń gba iye kan náà lórí orúkọ kọ̀ọ̀kan lọ́dọọdún lọ́wọ́ gbogbo àwọn tó ń tà á, ì báà jẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá tàbí kékeré. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ó gbé iye náà dé dọ́là 10.26. Nítorí náà, ẹni tó fún yín ní ọ̀fẹ́ ti ná dọ́là mẹ́wàá lé yín lórí kí ẹ tó dé, ó sì mọ ibi tí yóò ti gbà á padà. Apá kan rẹ̀ wà nínú owó ìsọdọ̀tun ọdún kejì, èyí tí ó sábà máa ń ga ju iye tí ẹ lè rí i rà níbòmíràn. Apá kejì wà nínú orúkọ ẹni tí wọ́n kọ sínú àkọsílẹ̀ domain náà, èyí ló sì burú jù. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí a lò gba domain fún wa, orúkọ tiwọn ni wọ́n kọ sí àyè onílé, ìyẹn ẹni tó ni domain náà, ímeèlì tiwọn ni wọ́n sì fi síbẹ̀. Àwa là ń san owó lọ́dọọdún, ìwé ẹ̀rí ìsanwó wà lọ́wọ́ wa, orúkọ ilé ìtẹ̀wé wa ni domain náà sì ń jẹ́. Síbẹ̀, lójú ICANN tó ń ṣe òfin fún àwọn tó ń ta domain, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú àkọsílẹ̀ ni onílé. Nígbà tí a fẹ́ lọ, wọ́n ní kí a san owó kan tí kò sí nínú àdéhùn wa kí wọ́n tó yọ̀ǹda kóòdù tí a fi ń gbé domain láti ibì kan sí ibòmíràn. Òfin ICANN sọ pé ẹni tó ta domain gbọ́dọ̀ fi kóòdù yẹn lé onílé lọ́wọ́ láàárín ọjọ́ márùn-ún tí ó bá ti béèrè fún un. Òfin náà dára, àmọ́ onílé ni ó ń dáàbò bò, a kì í sì í ṣe onílé nínú ìwé. Owó náà la san níkẹyìn.

Nítorí náà, arábìnrin, ẹ ra domain yín lọ́tọ̀, lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe òun ni ó ń bá yín ṣe hosting, kí orúkọ yín wà nínú àkọsílẹ̀, kí ímeèlì tó wà níbẹ̀ sì jẹ́ èyí tí ẹ fi ọwọ́ ara yín ń ṣí. Ẹ má ṣe lo ímeèlì tó wà lórí domain náà fúnra rẹ̀, nítorí ọjọ́ tí domain bá kú ni ímeèlì náà yóò bá a kú, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n sì ń fi lẹ́tà ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí. Bí ó bá jẹ́ .ng tàbí .com.ng ni ẹ fẹ́, NiRA ni ó ń ṣàkóso ìyẹn, àwọn tí wọ́n fún láṣẹ láti tà á pọ̀ nílé níbí, ẹ sì lè fi náírà san án.

Ọ̀rọ̀ náírà yìí tó ohun tí a ń dúró lé lórí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò ju nǹkan bíi 460 náírà lọ ní ọjà ìjọba. Nígbà tí ó fi máa di oṣù kejì ọdún 2024, ó ti kọjá 1,500. Hosting tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kò fi sẹ́ńtì kan lé iye rẹ̀ ti di ìlọ́po mẹ́ta lápò ẹni tó ń ṣòwò ní Abẹ́òkúta tàbí ní Ìbàdàn. Kí ìyẹn tó dé, ní ọdún 2022, àwọn báńkì wa kan ti dín ohun tí káàdì náírà lè ná lókè òkun kù sí ogún dọ́là lóṣù, ọ̀pọ̀ báńkì sì dá a dúró pátápátá kí ọdún náà tó parí. Ìkànnì ẹlòmíràn kú nígbà náà nígbà tí owó wà ní báńkì, nítorí pé káàdì kọ̀. Ẹnìkan lè wá sọ pé ẹni tó san ti ọdún mẹ́ta sílẹ̀ kí náírà tó já ti jèrè. Òótọ́ ni, èmi náà sì fara mọ́ sísan owó sílẹ̀, ṣùgbọ́n domain ni kí ẹ san tirẹ̀ sílẹ̀. A lè san owó .com títí di ọdún mẹ́wàá, bí ẹ bá sì gbé e lọ sọ́dọ̀ olùtajà mìíràn, àwọn ọdún tó kù yóò bá a lọ. Owó hosting ọdún mẹ́ta kò ní bá yín lọ síbì kankan. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ nípa ìdápadà owó. Ní ọ̀pọ̀ ibi, oṣù kan péré ni àyè wà fún un, lẹ́yìn ìyẹn ohun tí ẹ san di tiwọn.

Mi ò sọ pé olè ni gbogbo ẹni tó bá fi owó kún ọjà rẹ̀. Ní ọdún 2019, cPanel, sọ́fítíwìà tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ hosting gbé fún oníbàárà láti fi ṣàkóso ìkànnì rẹ̀, pa owó àsanpọ̀ lórí server kọ̀ọ̀kan (kọ̀ǹpútà tí àwọn ìkànnì ń gbé) tì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó lórí iye àkáǹtì tó wà nínú server. Ilé-iṣẹ́ tó kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún oníbàárà sínú server kan ṣoṣo rí ìwé owó rẹ̀ tó wú lójijì, orí wa ni wọ́n sì gbé e kà. Ìyẹn ní ìdí. Ẹni tó bá ní kí ẹ wá san owó lọ́tọ̀ fún ìwé-ẹ̀rí ààbò ìkànnì kékeré, èyí tí àwọn búráúsà kan ń fi àmì àgádágodo hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì, ni mo máa ń fura sí, nítorí Let's Encrypt, ètò kan tí kì í ṣe fún èrè, ti ń fún gbogbo ayé ní ìwé-ẹ̀rí yẹn lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọdún 2015.

Ìrànlọ́wọ́ tọ̀sán-tòru ni ọ̀rọ̀ mi pọ̀ lé lórí jù. Oṣù kẹsàn-án ni ọjà wa máa ń gbóná, nígbà tí àwọn ilé-ìwé bá wọlé fún sáà tuntun. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù náà, ìkànnì wa dákẹ́, ojú-ewé funfun kan sì sọ pé wọ́n ti dá àkáǹtì wa dúró nítorí pé ó ń lo agbára server ju bó ti yẹ lọ. Àyè tí kò lópin ni a rà. Nínú ìwé àdéhùn, ní apá tí ẹnikẹ́ni kì í kà dé, àyè ìkó-fáìlì-pamọ́ nìkan ni kò lópin. Iye fáìlì lópin, agbára tí ìkànnì lè lò lẹ́ẹ̀kan náà sì lópin gan-an. Mo ṣí chat wọn. Ẹni àkọ́kọ́ kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó béèrè orúkọ domain, ó béèrè ímeèlì, ó ní kí n fún òun ní ìṣẹ́jú méjì, ó sì fi mí lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ẹni kejì tún béèrè orúkọ domain àti ímeèlì, ó bá mi kẹ́dùn, ó sì fi ìwé kan ránṣẹ́ tí ń kọ́ni bí a ṣe ń nu cache, àwọn ohun tí búráúsà tọ́jú pamọ́ láti ara ìkànnì tí a ti ṣí rí. Ẹni kẹta ni ó sọ ojú abẹ níkòó: kí n ra ìpele tó ga ju èyí tí a wà lọ, ìkànnì yóò sì padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo bi í léèrè ohun tó ń jẹ agbára náà. Ó ní kò sí lára iṣẹ́ àwọn láti wo inú ìkànnì oníbàárà. A ra ìpele náà, ìkànnì padà, kò sì pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tó tún dákẹ́.

Ọmọkùnrin kan ní ilé-iṣẹ́ kékeré tí a kó lọ nígbẹ̀yìn ni ó yanjú rẹ̀, níbi tí owó oṣù ti ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Ó ka àkọsílẹ̀ àwọn tó ń wọ server, ó sì kọ ìlà díẹ̀ sí mi. Ó ní àwọn ẹ̀rọ kan láti òkèèrè ń kan fáìlì xmlrpc.php láìsinmi nínú WordPress, sọ́fítíwìà tí a fi kọ́ ìkànnì wa, wọ́n ń dán ọ̀rọ̀ aṣínà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ló sì ń jẹ agbára server. Pé a kò lo fáìlì náà fún nǹkan kan, òun sì ti dí i. Pé kí n yí ọ̀rọ̀ aṣínà wa padà. Kò sí nǹkan mìíràn nínú lẹ́tà náà. Ìṣòro yìí kò ṣàjèjì rárá, ẹnikẹ́ni tó bá ń bá ènìyàn ṣe hosting WordPress mọ fáìlì náà bí ẹní mowó. Gbogbo owó ìpele gíga tí a san ní ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́, àwọn olè tó ń ti ilẹ̀kùn wa la fi ń bọ́.

Ẹ dán wọn wò kí ẹ tó san owó. Ẹ má ṣe bi ẹ̀ka títà léèrè, àwọn yẹn kì í sùn; ẹ kọ̀wé sí ẹ̀ka ìrànlọ́wọ́ gan-an ní alẹ́, kí ẹ béèrè ohun tí kò sí ìdáhùn rẹ̀ nínú ìwé tí wọ́n ti kọ sílẹ̀: fáìlì mélòó ni àkáǹtì yín lè gbà, kí ni wọ́n máa ń ṣe kí wọ́n tó dá ìkànnì dúró, ta ni ó sì láṣẹ láti fọwọ́ kan server ní agogo méjì òru. Bí wọ́n bá sọ pé ìkànnì yín yóò máa ṣiṣẹ́ ní ìdá 99.9 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ mọ̀ pé ìyẹn fún wọn láyè láti dákẹ́ fún wákàtí mẹ́jọ ó lé díẹ̀ lọ́dún, àti pé ohun tí wọ́n sábà máa ń san bí wọ́n bá kọjá rẹ̀ ni ẹ̀dínwó lórí owó oṣù, kì í ṣe owó ọjà tí ẹ kò rí tà.

Ẹ máa gba backup yín, ìyẹn ẹ̀dà gbogbo ohun tó wà lórí ìkànnì yín, sílẹ̀ fúnra yín, sórí kọ̀ǹpútà yín. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹta ọdún 2021, iná jó ilé server ilé-iṣẹ́ hosting OVH ní Strasbourg nílẹ̀ Faransé, àwọn oníbàárà kan sì rí i lẹ́yìn ìyẹn pé inú ilé kan náà ni backup tí wọ́n san owó fún wà. Backup tó wà lọ́wọ́ yín ló tún ń jẹ́ kí ẹ lè lọ láìtọrọ àyè.

Ọ̀rọ̀ àbájáde yìí kò mọ sórí hosting. InDesign tí a fi ń to ojú-ewé ìwé jẹ́ ọjà tí a ń rà lẹ́ẹ̀kan tẹ́lẹ̀; láti ọdún 2013 tí Adobe ti fi àwọn ẹ̀yà tuntun rẹ̀ sí abẹ́ owó oṣù, ẹni tó bá gba ètò ọdún kan tí a ń san lóṣooṣù, tó sì fi í sílẹ̀ láàárín ọdún, ni wọ́n ń ní kó san ìdajì owó àwọn oṣù tó kù. Ìjọba Amẹ́ríkà gbé wọn lọ sílé-ẹjọ́ lórí rẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2024, pẹ̀lú ẹ̀sùn pé wọn kò jẹ́ kí owó yìí hàn kedere sí ẹni tó ń forúkọ sílẹ̀.

Ní ti ẹ̀dínwó tó wà níwájú yín, arábìnrin, bí ọjà wọn bá wù yín, ọdún kan ni kí ẹ gbà, láìgba domain wọn, bí owó oṣù náà tilẹ̀ fẹ́ ga díẹ̀. Kí ẹ tó san án, ẹ kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n sọ iye ìsọdọ̀tun ọdún kejì àti bí ẹ óò ṣe gba gbogbo fáìlì àti àkójọ orúkọ àwọn oníbàárà yín jáde bí ẹ bá fẹ́ lọ. Nígbà tí wọ́n bá dáhùn, ẹ gbé ìdáhùn náà wá síbí kí a jọ kà á.