Ẹ̀gbọ́n Mi Ta Ilẹ̀ Bàbá Wa
Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi ta ilẹ̀ tí bàbá wa fi sílẹ̀, kò sì fún mi ní kọ́bọ̀. Kristẹni ni mí, àmọ́ bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí fóònù, inú mi a máa ru. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ má ṣe bí ẹni pé kò dùn yín. Jósẹ́fù, tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tà sóko ẹrú, sunkún débi pé ará ilé Fáráò gbọ́ ọ (Jẹ́nẹ́sísì 45:2), síbẹ̀ òun náà ló bọ́ wọn nígbà ìyàn. Ìdáríjì kò ní kí ẹ má béèrè ìpín yín lọ́wọ́ àwọn àgbà ẹbí. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó pè wọ́n jọ, ẹ dárúkọ ẹ̀gbọ́n yín nínú àdúrà, bí ẹnu yín tilẹ̀ wúwo.