Kí nìdí tí babaláwo fi ń dífá ọrọọrún? Èsì fún ẹni tó béèrè nípa káàdì

Arábìnrin kan láti Ọ̀fà béèrè pé: "Ọ̀rẹ́ mi fi káàdì tarot ṣàyẹ̀wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, káàdì Ikú ló jáde fún un. Awoṣẹ́ náà ní káàdì kọ̀ọ̀kan ní ìtumọ̀ tirẹ̀, kò sóhun tó lè yí i. Ó ní ìdí nìyẹn táwọn àgbà fi ń sọ pé 'bí òní ti rí, ọ̀la ò rí bẹ́ẹ̀, ló mú babaláwo dífá ọrọọrún', pé babaláwo gan-an ò gba ohun tí Ifá rẹ̀ sọ gbọ́. Ṣé lóòótọ́ ni? Ṣé èèyàn sì lè fi Whot ilé ṣe é?"

Ọmọ mi, irú àlàyé báyìí ló ń bí mi nínú. Ẹni tó ṣe é kò mọ káàdì, kò mọ Ifá, ó tún wá lọ fa òwe olówe ya.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú òwe náà. Ọjọ́ mẹ́rin ni ọ̀sẹ̀ Yorùbá. Bí a bá ka ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó di márùn-ún, òun là ń pè ní ọrún. Bàbá mi àgbà gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀, ẹ̀wọ̀n tí babaláwo fi ń dífá, lápá Òmù-Àrán, gbogbo Ọjọ́ Awo ló sì ń bá Ifá sọ̀rọ̀ kó tó fẹnu kan nǹkan. Mi ò gbọ́ ọ rí kó máa bi Ifá pé ṣé ohun tó sọ lọ́rún tó kọjá dá a lójú. Ohun tó ń béèrè ni pé ọrún tó wọlé yìí ńkọ́? Ẹni tó ń ṣiyèméjì á bi ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò ní dúró de ọrún. Ifá tó jáde lánàá kò purọ́, ọjọ́ tó ń bá wí ló ti lọ. Ayé ni òwe yẹn fẹ̀sùn kàn, kò fẹ̀sùn kan Ifá rárá.

Lójú tèmi, ibẹ̀ ni gbogbo ọgbọ́n àyẹ̀wò sùn sí. Àmì kì í dá sọ̀rọ̀. Ọjọ́ tó jáde, ẹni tó jáde fún, ibi tó bọ́ sí àti èyí tó jókòó tì í ló ń fún un lẹ́nu.

Ẹ wo ọ̀pẹ̀lẹ̀. Bí Ogbè bá wà lọ́tùn-ún tí Ọ̀yẹ̀kú wà lósì, Ogbè-Ọ̀yẹ̀kú nìyẹn. Kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́, ó di Ọ̀yẹ̀kú-Logbè, ẹsẹ mìíràn, ẹbọ mìíràn. Bí ojú odù 16 ṣe di odù 256 nìyẹn. Síbẹ̀ babaláwo ò tíì lè sọ bóyá ire ni tàbí ibi, àfi bó bá kó ìbò, nǹkan kéékèèké tí wọ́n fi ń yan ire tàbí ibi, lé oníbèéèrè lọ́wọ́.

Àwọn àáfà tó ń tẹ yanrìn ní Ìlọrin níbí gan-an ló la ọ̀rọ̀ yìí yé mi jù. (Mo mọ̀ pé àáfà mìíràn kà á sí èèwọ̀, n kò bá wọn jà.) Àáfà á tẹ́ yanrìn pẹrẹsẹ, á fi ìka to ẹyọ sórí ìlà mẹ́rin wàràwàrà láìkà á, á wá máa pa wọ́n rẹ́ ní méjì-méjì títí yóò fi ku ẹyọ kan tàbí méjì lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Àmì kan nìyẹn. 16 ni gbogbo wọn, ìrísí wọn kò sì yàtọ̀ sí ti ojú odù. Á tẹ irú rẹ̀ mẹ́rin, àwọn ni ìyá. Bó bá ka orí ìyá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níbùú, ọmọ àkọ́kọ́ jáde. Ìlà tó tẹ̀ lé e di ọmọ kejì, títí ọmọ náà á fi pé mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ló ń pa wọ́n pọ̀ ní méjì-méjì: àmì mẹ́rin sí i, ẹlẹ́rìí méjì, adájọ́ kan. Ipò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní ilé, ilé 15 nìyẹn.

Ilé 12 àkọ́kọ́ ló ní ohun tí wọ́n ń ṣọ́: ìkíní fún oníbèéèrè fúnra rẹ̀, ìkejì fún owó, ìkarùn-ún fún ọmọ, ìkẹfà fún àìsàn, ìkeje fún ìgbéyàwó, ìkẹsàn-án fún ìrìnàjò. Àmì tó rí bí Ogbè, tí Lárúbáwá ń pè ní Ọ̀nà, dùn nílé ìrìnàjò. Jẹ́ kó bọ́ sílé owó, owó á gba ọ̀nà náà lọ ni!

Èyí tó wù mí jù ni adájọ́. Nítorí bí wọ́n ṣe ń pa ilé pọ̀, ẹyọ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣeé pín sí méjì dọ́gba, kò lè ṣẹ́ kan kù. Mẹ́jọ péré nínú 16 ló lè jókòó níbẹ̀. Bí o bá rí àmì tó jọ Òtúrá tàbí Ọ̀sá nílé adájọ́, má wulẹ̀ jáyà, àáfà ló ṣì í kà.

Káàdì tarot náà ò yàtọ̀. 78 ni: 22 jẹ́ àwòrán ńlá, 56 tó kù pín sí ọ̀wọ́ mẹ́rin. Nọ́ńbà 13 ni Ikú, àwọn tó mọ̀ ọ́n kà sì sábà máa ń pè é ní òpin nǹkan kan, kì í ṣe òkú. Bí wọ́n bá tẹ́ mẹ́ta sílẹ̀ fún àná, òní àti ọ̀la, Ikú tó bọ́ sípò àná ń sọ ohun tó ti tán. Nínú mẹ́wàá tí wọ́n ń pè ní Celtic Cross, ìkíní ni ọ̀rọ̀ gan-an, ìkejì á dùbúlẹ̀ níbùú lé e lórí, òun ni ohun tó ń dí i lọ́wọ́. Ipò wo ni ti ọ̀rẹ́ rẹ bọ́ sí? O ò sọ, ó sì dá mi lójú pé awoṣẹ́ yẹn ò sọ fún un.

Ṣé ó yà mí lẹ́nu? Rárá. Àwọn ọjà kan nígbèríko wa ṣì ń ná lọ́rọọrún, ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń bá ìyá wọn gbẹ́rù lọ síbẹ̀ ò sì lè dárúkọ ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn. Bí a ò bá mọ ọjọ́, báwo la ó ṣe mọ òwe tó dá lórí ọjọ́?

Ní ti Whot, kò sóhun tó ní kó má ṣeé ṣe. Eré ni wọ́n fi tarot náà ń ṣe ní Ítálì ní ọ̀rúndún 15, ọ̀rúndún 18 nílẹ̀ Faransé ló tó gbajúmọ̀ fún àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n kí o tó fa káàdì àkọ́kọ́, pinnu ohun tí ipò kọ̀ọ̀kan yóò máa ṣọ́, má sì yí i padà nígbà tí èyí tí o ò fẹ́ bá jáde.