Èsì: Tíkẹ́ẹ̀tì Spa lọ́wọ́ ẹni tó ń tún un tà

Ẹ kú ìbéèrè o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ẹnìkan fẹ́ gba owó gọbọi lọ́wọ́ yín fún tíkẹ́ẹ̀tì Sunday nìkan, fún ìdíje ọkọ̀ eré Formula 1 ti Spa ní Bẹ́ljíọ̀m, tó máa ń wáyé láti Friday títí di Sunday tí wọ́n máa ń sá ìje gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Fọ́tò tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni ẹlòmíì máa ń tà fún èèyàn mẹ́wàá. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà ni ẹ̀rọ máa gbà wọlé, àwọn yòókù á ṣẹ́rí padà. Ọwọ́ àwọn tó ṣètò ìdíje náà gan-an ni kí ẹ ti rà á.

Tó bá jẹ́ owó ló le, ẹ ra ti Friday. Òun ló sábà máa ń dínwó jù, ẹ sì máa rí àwọn ọkọ̀ náà dáadáa. Mo ti dúró nítòsí Eau Rouge, kọ́nà kan tó gbajúmọ̀ níbẹ̀, rí: kí ọkọ̀ tó yọ, ariwo rẹ̀ ti ń mú àyà mi gbọ̀n.

Ẹ mú aṣọ òjò dání o. Ní 2021, òjò ò jẹ́ kí wọ́n sáré ní Sunday; àwọn ọkọ̀ kàn tẹ̀ lé ọkọ̀ ààbò (èyí tó máa ń ṣáájú wọn kí wọ́n má baà sáré nígbà ewu) díẹ̀, ó parí, lẹ́yìn tí òjò ti pa èrò fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ẹni tó ra ti ọjọ́ yẹn nìkan kò rí ìje Formula 1 gidi kankan wò.