Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Tówó ò bá pọ̀, kí ni orílẹ̀-èdè á kọ́kọ́ ṣe nínú iṣẹ́ ẹran inú táńkì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí sínú kọmití kan tó fẹ́ gba ìjọba nímọ̀ràn lórí ẹran àti wàrà tí wọ́n ń ṣe láti ara sẹ́ẹ̀lì, láì pa ẹran kankan. Owó tó wà nílẹ̀ ò tó nǹkan. Àwọn kan nínú wa ní ká fi gbogbo ẹ̀ kọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá kan ká lè tètè rí nǹkan fi han aráyé, àwọn kan ní rárá. Níbo lẹ rò pó yẹ kówó yẹn kọ́kọ́ lọ?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, sà. Ẹ má fi kọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá o. Mo mọ̀ pé ó máa dun àwọn tó ti ń wo ọjọ́ tí wọ́n á gé ríbọ́ọ̀nù, àmọ́ táńkì ńlá kọ́ ni ìṣòro iṣẹ́ yìí níbi tá a bá a dé, ohun tí sẹ́ẹ̀lì ń jẹ ni ìṣòro, àti ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀.

Tí wọ́n bá ti bu sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ lára màlúù tàbí adìyẹ, wọ́n á kó o sínú táńkì tí omi wà nínú ẹ̀, omi tó ní ṣúgà, amino acid tí wọ́n fi ń mọ prótíìnì, fítámìn àti iyọ̀, ibẹ̀ ló ti máa dàgbà. Ìyẹn ò le. Ibi tówó ń bá lọ ni àwọn prótíìnì kan tá à ń pè ní growth factor, àwọn ló ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé kó pín, kó tún pín, tí wọn ò bá sí níbẹ̀ sẹ́ẹ̀lì á kàn jókòó lásán ni. Àwọn oníṣègùn àti onílàábù ló ń rà á látọjọ́ yìí, bín-ín-tín ni wọ́n sì ń rà, torí náà owó oògùn ni wọ́n ń tà á. Omi ẹ̀jẹ̀ ọmọ màlúù tó ṣì wà níkùn ìyá ẹ̀ ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, ó wọ́n, ó sì tún sọ ọ̀rọ̀ pé "a ò pa ẹran" di ẹ̀rín. Bọ́gà tí wọ́n fi irú ẹran yìí ṣe, tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Mark Post láti Yunifásítì Maastricht gbé síta ní London lọ́dún 2013, nǹkan bíi 250,000 yúrò ló ná wọn, Sergey Brin tó wà lára àwọn tó dá Google sílẹ̀ ló gbówó ẹ̀ kalẹ̀. Owó náà ti já wálẹ̀ gan-an látìgbà yẹn, ṣùgbọ́n kò tíì bá ẹran ọjà dọ́gba.

Ìdí nìyẹn tí n ò fi ní kọ́kọ́ gbówó lọ sídìí ẹran rárá. Fermentation ni màá gbé e lọ. Ẹ máa fi àbùdá prótíìnì tẹ́ ẹ fẹ́ sínú yíìsì tàbí bakitéríà, òun náà á wá máa ṣe prótíìnì yẹn jáde. Iṣẹ́ yìí ti pẹ́, insulin tí àwọn onítọ̀ ṣúgà ń lò ti ń jáde báyìí láti 1982, àti chymosin tó ń mú wàrà dì tí wọ́n bá fẹ́ ṣe ṣíìsì, inú ikùn ọmọ màlúù ni wọ́n ti ń yọ ọ́ tẹ́lẹ̀, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí èyí tí wọ́n fi bakitéríà ṣe lọ́dún 1990, èyí tí wọ́n fi fermentation ṣe ló sì wà nídìí èyí tó pọ̀ jù nínú ṣíìsì wọn lónìí. Irú ẹ̀rọ tó lè ṣe prótíìnì wàrà lè ṣe growth factor náà. Ẹ rí i pé iṣẹ́ àkọ́kọ́, ìyẹn fermentation, ló máa bọ́ ìkejì, ìyẹn ẹran, ó lè máa tà á fún orílẹ̀-èdè míì pàápàá kí ẹran tiyín tó délẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ á sì ti mọwọ́ táńkì kí wọ́n tó fọwọ́ kan sẹ́ẹ̀lì ẹranko tó jẹ́ alákẹ́jù.

Mo ní alákẹ́jù, kì í ṣe àsọdùn. Yíìsì á ti di ìlọ́po méjì láàárín wákàtí méjì tàbí kó máà tó bẹ́ẹ̀, sẹ́ẹ̀lì màlúù á fi bí odidi ọjọ́ kan ṣe é. Bakitéríà tó bá yọ́ wọlé ńkọ́? Ogún ìṣẹ́jú lè tó o! Omi oúnjẹ tá à ń lò ní láàbù máa ń pupa fẹ́ẹ́ torí aró kan tá a fi sí i, ẹ lè fi í sílẹ̀ lálẹ́ kó dáa, kẹ́ ẹ dé láàárọ̀ kó ti di yẹ́lò, kó ti dàrú bí omi ìfọṣọ, torí rọ́bà ìdí fáàfù kan ò dì dáadáa. Dídà ni, gbogbo ẹ̀, ẹ ó fi ooru omi gbígbóná se táńkì, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Nínú táńkì kékeré, ẹ̀kọ́ nìyẹn. Nínú táńkì ẹgbẹẹgbẹ̀rún lítà, owó kọmití yín nìyẹn.

Ìdí nìyẹn tówó kejì fi yẹ kó lọ síbi ìdánwò àjùmọ̀lò, táńkì díẹ̀ tí kò tóbi jù tí kọ́ńpìnnì kéékèèké àti yunifásítì á máa háyà, pẹ̀lú àwọn tẹkiníṣíánì tí wọ́n ń gbowó oṣù níbẹ̀. Ohun tí Netherlands ń ṣe ò jìnnà síyẹn, 60 mílíọ̀nù yúrò ni ìjọba wọn yà sọ́tọ̀ lọ́dún 2022, ó sì pín sórí ẹ̀kọ́, ìwádìí àti ibi tí wọ́n á ti sọ iṣẹ́ láàbù di ńlá. Iná tí kì í lọ, omi tó mọ́, èyí ò nílò àlàyé.

Òfin wá ńkọ́? Òun ò náwó púpọ̀, àmọ́ òun ló máa ń dá àwọn tó fẹ́ dówó dúró, torí kò sẹ́ni tó máa kówó sí nǹkan tí ò mọ̀ bóyá wọ́n á jẹ́ kóun tà. Singapore ló kọ́kọ́ gbà kí wọ́n ta ẹran yìí, December 2020, kì í sì í ṣe torí pé wọ́n ní ilẹ̀ tàbí màlúù, wọ́n kọ ohun tí wọ́n fẹ́ rí sílẹ̀ kedere ni: ibo ni sẹ́ẹ̀lì ti wá, ṣé ó yí padà níbi tó ti ń dàgbà, kí ló kù nínú ẹran lára omi oúnjẹ, ṣé ó lè bá ẹni kan lára jà. Amẹ́ríkà tẹ̀ lé e ní 2023, àmọ́ ìpínlẹ̀ Florida àti Alabama níbẹ̀ fòfin dè é lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Italy náà ti fòfin dè é ní 2023. Ariwo àwọn tó ń sin ẹran wà lára ohun tó fa ìyẹn. Torí náà, ẹ pe àwọn àgbẹ̀ sínú kọmití nísinsìnyí, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n bá gbọ́ ọ lórí rédíò, ṣúgà àti amino acid tí táńkì ń jẹ ṣáà ní láti ti oko ẹnì kan wá. Ẹ sì jẹ́ kí iléeṣẹ́ tó ń bójú tó ààbò oúnjẹ ní òṣìṣẹ́ méjì mẹ́ta tí wọ́n máa kọ́ níṣẹ́ yìí.

Ní ti nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ fi han aráyé, ìyẹn náà ò ní kí ẹ kọ́lé. Ní 2023, Netherlands ṣe ìlànà tó jẹ́ kí wọ́n lè fún àwọn èèyàn díẹ̀ ní ẹran yìí tọ́ wò kó tó gba àṣẹ títà, pẹ̀lú àbójútó. Ẹ bèèrè irú ìlànà bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba yín, àwọn tó fẹ́ gé ríbọ́ọ̀nù á rí fọ́tò yà níbẹ̀.