Èsì: Glútámétì inú ewéko òkun

Ẹ bèèrè bóyá glútámétì, èròjà tó ń mú kí ọbẹ̀ dùn, tó wà nínú ewéko òkun yàtọ̀ sí ti èròjà amọ́bẹ̀dùn. Ọ̀kan náà ni wọ́n: láti inú kombu, ewéko òkun tí àwọn ará Jàpáànì fi ń se omi ọbẹ̀, ni Kikunae Ikeda, onímọ̀ kẹ́míkà ará Jàpáànì, ti yọ ọ́ jáde ní ọdún 1908, ara wa kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì. Àtíkè funfun tó máa ń wà lára kombu gbígbẹ kì í ṣe ìdọ̀tí, ẹ má fọ̀ ọ́ dànù. Áyódìn, èròjà kan tí ara nílò ní ìwọ̀nba, ni mo rò pé ó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún, nítorí pé gíráàmù 1 kombu gbígbẹ péré lè fi ìlọ́po púpọ̀ kọjá máíkírógíráàmù 150 tí àgbàlagbà nílò lóòjọ́. Ti nori, ewéko òkun mìíràn, kò tó bẹ́ẹ̀, èròjà amúaradàgbà ni ó pọ̀ nínú tirẹ̀.